Ẹ Má Dá Ọmọ Tó Farapa Padà Sójú Pápá

Gbogbo ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ lórí pápá ní ìlú Sókótó, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ ń kó àwọn ọmọ jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí a ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń dúró létí pápá tí ẹ ń pariwo pé kí ọmọ yín mọ́kàn le: ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí ọmọ bá ṣubú, tó di ẹsẹ̀ mú, tó ń yíra nílẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un mọ́ pé kó dìde, kó na ẹsẹ̀, kó máa bá eré lọ. Gbólóhùn yẹn lè sọ ọmọ di arọ. Ó sì lè pa á.

Àríyànjiyàn kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà kì í fi ṣeré. Bí ìlú-mọ̀ọ́ká kan bá farapa, kíá ni wọ́n á ní, "Àwọn dókítà ikọ̀ ló bà á jẹ́." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìka tó ṣẹ̀, nítorí bí a bá gé èyí tí kò ṣẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ wa títí tí yóò tún fi ṣẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Kevin Durant tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Golden State Warriors fi ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ farapa nígbà tí wọ́n ń bá Houston figagbága. Ó jókòó fún ohun tó lé ní oṣù kan. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, nínú àṣekágbá, tí ife-ẹ̀yẹ ti ń bọ́ lọ sọ́wọ́ ikọ̀ Toronto, ó padà sójú pápá. Ìṣẹ́jú 12 péré ló lò, àmì 11 ló gbá wọlé, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ bá já. Odindi sáà ìdíje kan ló kọjá láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bob Myers tó jẹ́ ọ̀gá tó ń ṣàkóso ikọ̀ náà sọkún níwájú àwọn oníròyìn. Ó ní òun kò rí ẹni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé dandan ni kí ayé dá ẹnì kan lẹ́bi, kí wọ́n dá òun. Durant fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé kò sẹ́ni tó fipá mú òun padà.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2025, nínú ìdíje keje àṣekágbá, iṣan gìgísẹ̀ Tyrese Haliburton ti Indiana Pacers já. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan náà ló ti ń dùn ún láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ó mọ ewu tó wà níbẹ̀, ó sì yàn láti gbá a.

Ṣé àwọn dókítà ló jẹ̀bi? Ẹ fara balẹ̀ wo nǹkan mẹ́rin tó wà nínú ọ̀ràn àwọn méjèèjì. Èkíní, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èkejì, ẹ̀rọ ti ya àwòrán inú ẹsẹ̀ wọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà sì ti kà á. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti sọ ewu rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀kẹrin, bó bá bàjẹ́ tán, owó wà láti tún un ṣe. Níbi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti pé, tí ara sì tún kọ̀, kádàrá eré nìyẹn. N kò ní sọ òkúta lu dókítà kankan nítorí rẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀bi ti wọlé.

Ẹ̀bi àwọn ikọ̀ ńlá náà kò ṣàì wà. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Èkó, tí gbogbo wa fi ń yangàn, kò ṣàì jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, ó ní iṣan ẹ̀yìn itan ń dun òun. Ikọ̀ Houston Rockets tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ní irọ́ ló ń pa, wọ́n ní nítorí àdéhùn owó ni, wọ́n sì dá a dúró. Ọmọ tí wọ́n pè ní òpùrọ́ yìí kan náà ló gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn ní 1994 àti 1995. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń jèrè lára ẹsẹ̀ kan kò yẹ lẹ́ni tí yóò ṣe ìdájọ́ bóyá ẹsẹ̀ náà ń dun ẹni tó ni ín.

Ti Kawhi Leonard tún wà níbẹ̀. Ní sáà 2017 sí 2018, àwọn oníṣègùn San Antonio ní iṣan iwájú itan rẹ̀ ti san tó láti gbá bọ́ọ̀lù, àwọn oníṣègùn tirẹ̀ ní kò tíì san. Ìdíje mẹ́sàn-án péré ló gbá ní gbogbo sáà yẹn, ìfẹ́ àárín òun àti ikọ̀ náà sì dàrú títí tó fi lọ sí Toronto. Àwọn Toronto kò jẹ́ kó gbá gbogbo ìdíje. Nínú 82, 60 ló gbá. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, wọ́n ní kó sinmi. Òun ló wá léwájú ikọ̀ tó borí ikọ̀ Durant nínú àṣekágbá 2019 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ẹ rí i bí ẹsẹ̀ tí wọ́n fún ní ìsinmi ṣe gbé ife-ẹ̀yẹ nínú àṣekágbá kan náà tí ẹsẹ̀ tó fi ìkánjú padà ti já.

Èyí tó burú jù ni ti Reggie Lewis ti Boston Celtics. Ó dákú lórí pápá ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1993. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn tí ikọ̀ rẹ̀ kó jọ sọ pé àìsàn ọkàn tó le ni, pé eré ìdárayá lè pa á. Ó lọ bá dókítà mìíràn ní ilé ìwòsàn mìíràn, ìyẹn sì sọ pé ohun tó ń ṣe é kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún náà, ó ń fi bọ́ọ̀lù dánra wò, ó ṣubú, ó kú. Ẹni ọdún 27 ni. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ẹjọ́ kò sì dá dókítà kejì yẹn lẹ́bi. Àmọ́ ohun tó yẹ kí a dì mú nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ohùn àwọn dókítà kò bá ṣọ̀kan lórí ẹ̀mí ènìyàn, èyí tó ní kó dúró ni kí a gbọ́, kì í ṣe èyí tí etí wa fẹ́.

Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn àwọn tó ní dókítà ni gbogbo ìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní Sókótó, kí a tó béèrè bóyá dókítà ikọ̀ jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí dókítà náà wà. Ẹ dìde ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ lọ sí ibi tí ọmọ yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ nítòsí pápá ìṣeré Giginya, ìbáà jẹ́ ní ọgbà Fásitì Usmanu Danfodiyo, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀ kọnkéré ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ẹ bi wọ́n pé: bí ọmọ mi bá ṣubú, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Níbo ni yìnyín wà? Ọkọ̀ ta ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn? Ta ló ní àṣẹ láti sọ pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lónìí? Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ń wojú yín láìdáhùn, ẹ mú ọmọ yín, ẹ máa lọ sílé.

Nítorí pé níbi tí kò ti sí dókítà, nǹkan mẹ́rin tí mo kà yẹn, kò sí ọ̀kan. Ẹni tó farapa kì í ṣe àgbàlagbà, ọmọ ọdún 14 tàbí 16 ni, kò sì lè sọ fún kóòṣì rẹ̀ pé rárá. Ẹ̀rọ kankan kò ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ewu rẹ̀ fún un. Bó bá sì bàjẹ́, àfi kí bàbá rẹ̀ ta nǹkan. Ẹni tó sì ń dájọ́ lórí ẹsẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ borí ìdíje. Ohun tí a bá fi bú àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ ló wà lọ́rùn tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n to ewu náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ̀.

Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń farapa jù nínú básíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ fò sókè, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rọ́. A máa ń sọ pé "ó kàn rọ́ ni," a ó sì fi òróró gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ̀yin ará, iṣan ọmọ tó ṣì ń dàgbà lè le ju orí eegun rẹ̀ lọ, ibi tí eegun ti ń gùn. Ohun tó rọ́ lára àgbàlagbà lè jẹ́ pé ó ṣẹ́ lára ọmọdé. Òfin tí àwọn dókítà ń lò kò ṣòro: bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ẹ bá tẹ kókó eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì ké, X-ray kàn án. Ẹ má ṣe wọ́ ọ, ẹ má ṣe fi nǹkan gbígbóná kàn án lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé e, ẹ sì gbé e lọ.

Orúnkún ló tẹ̀ lé e. Iṣan tó wà láàárín orúnkún lè já láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ, ó sáré, ó dúró lójijì, ó yípo, ohun kan sì dún "pọ́ọ̀." Àwọn obìnrin ló ń ṣe jù, ó lé ní ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọbìnrin wa gidi, nítorí pé láti ìgbà tí D'Tigress ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ìgbà márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, láti 2017 títí dé 2025, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fẹ́ dà bíi wọn. Kódà ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún tó dára jù lọ, a kì í dá a padà sójú pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ẹ̀yin wá ń dá tiyín padà ní ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé kò wú mọ́!

Oògùn ara ríro wá ńkọ́? Ìrora ni ara fi ń kígbe pé nǹkan ti bàjẹ́. Kóòṣì tó bá fún ọmọ ní oògùn kó lè gbá bọ́ọ̀lù ti di ara náà lẹ́nu. Tramadol ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí jù. Oògùn yìí ń di bárakú fún ẹni tó ń lò ó, ẹ sì mọ ohun tó ti fi ojú àwọn ọ̀dọ́ Àríwá rí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ tó ń gbógun ti ìlò oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé ti fòfin de ìlò rẹ̀ nígbà ìdíje. Ẹni tó bá fi Tramadol sọ́wọ́ ọmọ létí pápá ti ṣe ọmọ náà níkà lẹ́ẹ̀mejì: ó ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ba orí rẹ̀ jẹ́.

Nípa àwọn tó ń to eegun, àwọn tí Hausa ń pè ní madori, n kò bú iṣẹ́ wọn. Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Yorùbá náà to eegun, ó sì jinná fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ tó ń wú, bó bá fún jù, yóò dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ náà yóò kú, àwọn dókítà kò sì ní rí nǹkan mìíràn ṣe ju kí wọ́n gé e. Àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà ti gba irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láìmọye, ọmọdé sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá ti di nǹkan mọ́ ọmọ yín lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, tí ìka rẹ̀ tutù, tó ní òun kò mọ̀ ọ́n lára, tó ń dúdú, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilé ìwòsàn Fásitì Usmanu Danfodiyo (UDUTH) wà nínú ìlú yìí, ilé ìwòsàn eegun sì wà ní Wamakko. Kò sí ìdí tí ọmọ Sókótó fi gbọ́dọ̀ pàdánù ẹsẹ̀ nítorí ọ̀pá tí wọ́n dì tó fún jù.

Oòrùn Sókótó náà jẹ́ ọ̀tá tí ojú wa ti mọ́ jù. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, ó ń kọjá ìwọ̀n 40°C lójú ọ̀sán, ilẹ̀ kọnkéré sì ń dá ooru náà padà sí ọmọ lára láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ ti Ìbàdàn àti Èkó dé, ara nílò ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí irú ooru báyìí tó mọ́ ọn lára. Ẹ má ṣe sáré bọ́ sójú pápá lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ààwẹ̀ àti oòrùn pàdé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní Olajuwon gba ààwẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà á. Ṣùgbọ́n inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ló ti gbá a, àgbàlagbà ni, àwọn oníṣègùn sì yí i ká. Ẹ má fi àpẹẹrẹ rẹ̀ pa ọmọ yín lórí kọnkéré ní agogo mẹ́rin ọ̀sán. Ọmọ tí ooru bá mú, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára púpọ̀, ẹ mú kí ara rẹ̀ tutù níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi wá ọkọ̀ láìda omi lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ìkẹyìn ni ọkàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú ní ìṣẹ́jú 77 ìdíje bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà àti Angola ní Súrùlérè, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún 25 ni; àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nasarawa United ṣubú ní Lafia, ó sì kú. Ìròyìn gbé e pé áńbúláǹsì tó wà ní pápá kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Michael Ojo, ọmọ tí a bí sí Èkó, tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì jẹun ní Yúróòpù, ṣubú nígbà tó ń ṣe ìdánrawò ní Belgrade, ó sì kú. Ẹni ọdún 27 lòun náà, bíi Reggie Lewis. Ọmọ tó bá dákú lójijì láìsí pé ẹnikẹ́ni gbá a, tí kò mí dáadáa, ẹ má bu omi sí i lójú, ẹ má wá àlùbọ́sà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀, líle àti kíákíá, ó kéré tán ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má sì dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń mú lára ìrètí rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá sì ti dákú rí lẹ́nu eré ìdárayá, tàbí tí ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí rẹ̀ kú lójijì, kò gbọdọ̀ tẹ pápá títí dókítà ọkàn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ní kí ẹ ṣe, nítorí ìkìlọ̀ tí kò ní ọ̀nà àbáyọ ariwo ni. Ọmọ tó bá farapa kò gbọdọ̀ padà sójú pápá lọ́jọ́ kan náà, ì báà sunkún, ì báà bẹ̀bẹ̀, ì báà jẹ́ àṣekágbá. Kí ilé ìwé kankan má ṣe gba ìdíje láìsí ẹnì kan tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì, yìnyín, omi púpọ̀ àti ọkọ̀ tó ní epo. Kí ẹni náà ní àṣẹ tí kóòṣì kò lè yí padà, kó má sì jẹ́ kóòṣì ló ń yàn án. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí físíò, tí ìjọba ń kó wá sí ìpínlẹ̀ yìí lọ́dọọdún, ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ létí pápá ilé ìwé kan yóò gba ẹsẹ̀ là, yóò sì gba ẹ̀mí là. Ẹ̀yin aláṣẹ eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìdíje kankan tí kò sọ orúkọ ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ.

Dókítà ikọ̀ lè jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi bó bá rí òtítọ́ tó sì pa á mọ́ nítorí ẹni tó ń sanwó fún un. Ó jẹ̀bi bó bá fi abẹ́rẹ́ bo ìrora tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù láìsí dókítà, ẹ̀bi náà kò lọ jìnnà: ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣètò eré, tó kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, tó sì fi ara rẹ̀ ṣe dókítà ló dúró sí. Láti òní lọ, ẹni tó bá dá ọmọ tó farapa padà sójú pápá, kó má ṣe wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Òun gan-an ló jẹ̀bi.